Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Gbé Mì

Abúlé Sini Dol,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ralitsa ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí Plamen ọkọ rẹ, mo tún kí àtẹ̀gùn ilé yín, èyí tó ga bí òkè tí kò jẹ́ kí orúnkún yín sinmi. Òtútù Sófíà kò ní rí ihò tí yóò gbà wọ inú ẹ̀wù yín. Bí ẹ ti ń jáde láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa wọlé nírọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní kù sọ́nà. Bí ìwé yìí bá bá yín nídìí oúnjẹ, ẹ jẹun tán kí ẹ tó kà á. Mo tún un sọ o: ẹ jẹun tán.

Èmi náà wà. Ilé wà. Ewúrẹ́ wà, ó tún ti jẹ okùn tí mo fi so ó, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ okùn. A ti pọn ọtí rakía ọdún yìí; púlọ́ọ̀mù kò pọ̀ ṣùgbọ́n ọtí náà le, Genko aládùúgbò wa tọ́ ọ wò, ó sì wá àga jókòó. Igi ńlá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ti wó, kò pa ẹnikẹ́ni. Mo ti lẹ bébà tuntun tí a fi ń rántí òkú, tòun ti fọ́tò ìyá rẹ, sára géètì, torí òjò ti fọ ojú rẹ̀ nù lára ti àtijọ́, mi ò sì fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá máa rí orúkọ láìrí ojú.

Ní ti fóònù mi, má pè é mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti fi òkúta tẹ kábéèjì inú àgbá mọ́lẹ̀, ló bá yọ̀ láti àpò àyà mi bọ́ sínú omi iyọ̀. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù fún ọjọ́ méjì, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kábéèjì náà kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, mo ti ń jẹ ẹ́. Nedka tó ni ṣọ́ọ̀bù ní kí n wá máa lo fóònù tòun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ṣọ́ọ̀bù Nedka: bí ènìyàn bá sín níbẹ̀ ní aago mẹ́wàá, tó bá fi máa di ààbọ̀, àwọn ará òkè odò á ti máa bèèrè irú pósí tí a fẹ́ rà fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Mo parọ́ fún ọ, ọmọ mi. Ikọ́ tí mo ní eruku koríko ló fà á, kì í ṣe koríko. Ní oṣù tó kọjá mo wúkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ lára áńkáṣíìfù, kò ju èyí tí ẹ̀gún ń fà jáde lọ. Mo fọ áńkáṣíìfù náà fúnra mi, mo sá a sẹ́yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i, mo sọ fún Genko pé mo fẹ́ lọ ra ìṣó, mo wọ bọ́ọ̀sì, ó di ilé ìwòsàn ìlú.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo rò ó títí, mo kọ Genko, torí bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu géètì tó pè é, ó máa ń gbọ́. Ìwọ wà ní Sófíà, ta ni ohùn rẹ̀ fẹ́ ròkè débẹ̀? Níbi tí wọ́n ti bi mí bóyá mo gbà, mo fọwọ́ sí i pé mo gbà. Títí di òní mi ò mọ ohun tí mo gbà, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Lẹ́yìn náà wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì kan tó ń rìn, wọ́n tì mí wọ inú nǹkan róbótó kan tó dà bí ẹnu kànga tí a dà dùbúlẹ̀, ohùn obìnrin kan sì ti ara ògiri jáde, ó ní kí n má mí. Mo dá èémí dúró. Mò ń retí kí ó ní kí n tún máa mí, ó pẹ́ gan-an kó tó sọ ọ́, mo rò pé ó ti lọ jẹun. Wọn kò tilẹ̀ ní kí n ya irun kí wọ́n tó yà mí ní fọ́tò.

Dókítà kan tó kéré sí ọ lọ́jọ́ orí ló fún mi ní àwo pẹlẹbẹ kan tó ń dán, irú èyí tí ìyá rẹ fi ń gbọ́ orin, ó ní àwòrán inú àyà mi ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n fi han ọmọ mi, kí n sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Sófíà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní àmì kékeré kan wà lára ẹ̀dọ̀fóró mi, òun kò sì fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ títí àwọn tó jù ú lọ yóò fi wò ó. Ralitsa, mo ti dàgbà tó láti mọ irú nǹkan tí wọn kì í fẹ́ sọ lórúkọ. Mo délé, mo ki àwo náà àti ìwé rẹ̀ bọ ẹ̀yìn àwòrán Nikóláásì Mímọ́ lára ògiri, mo sì lọ fún ewúrẹ́ lóúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ìkejì kọjá.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí, mo ní kí n kúkú wò ó, kí n mọ ohun tí mò ń sá fún. Mo tan kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún mi, mo tẹ bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí o ti kọ́ mi, ó yọ ahọ́n, mo fi àwo náà lé ahọ́n rẹ̀ lórí, ó gbé e mì. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kí àwòrán tó jáde, ọwọ́ mi ti lọ pa á. Mi ò lè wò ó, ọmọ mi. Èmi tí mo dá ìkookò padà nínú yìnyín lọ́dún tí wọ́n bí ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó jẹ́ Sátidé, ọjọ́ tí èmi pẹ̀lú rẹ máa ń rí ojú ara wa nínú rẹ̀, mo tún tàn án. Kò jí. Kò sí orin, kò sí fọ́tò ìyá rẹ. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ìlà ọ̀rọ̀ funfun méjì sì wà lókè níbẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò mira, inú rẹ̀ sì ń ṣe krr, krr, bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Mo pa á, mo tàn án, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo jókòó. Mo sọ fún ara mi pé kọ̀ǹpútà yìí ti wo inú mi lóru mọ́jú, ohun tó rí níbẹ̀ sì ti bà á lẹ́rù. Ẹ̀rọ tó ti rí ogun, tó ti rí ìjì àti iná gbogbo ayé tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ̀dọ̀fóró bàbá rẹ ló wá rí tó dákú.

Mo mú bébà, mo ya àwọn ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ya ẹyẹ, mo gbé e lọ bá Genko. Ìwọ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ fi ìwé atúmọ̀ èdè sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sókè òkun. Genko wọ jígí, ó fi ìka rìn lórí ìwé náà títí omi tí a gbé kaná fún tíì fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tó rí fún mi. Ó ní ẹ̀rọ náà ní àwo kan wà tí kò bá ètò ara mu. Ó ní bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àṣìṣe wà nínú àwo náà. Ó ní kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nígbà tí mo bá sì ti ṣetán, kí n lu kọ́kọ́rọ́ èyíkéyìí.

Mo gba bébà náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ara ta ni ètò rẹ̀ ti bàjẹ́? Ibo ni mo ti fẹ́ rí ẹ̀dọ̀fóró mìíràn fi rọ́pò èyí? Ti "nígbà tí o bá ti ṣetán" ló burú jù. Ìwọ kò sí nínú yàrá nígbà tí àlùfáà bi ìyá rẹ bóyá ó ti ṣetán. Mo wà níbẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi í, bí ìgbà tí ènìyàn ń bi àlejò bóyá kí a gbé oúnjẹ wá. Kọ́kọ́rọ́ tó sì ń wí, èmi tí mò ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ojú mi kì í kúrò lára Pétérù Mímọ́ tó di kọ́kọ́rọ́ mú lára ògiri níbẹ̀. Mo mọ ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń ṣí.

Mi ò sọ nípa àwo náà fún Genko. Mo kàn ní kọ̀ǹpútà kò jí. Ó gbé àpò tó fi ogójì ọdún tọ́jú màlúù àti àgùntàn agbègbè yìí, ó tẹ̀ lé mi wálé. Ó yọ wáyà kúrò lára iná, ó kà dé ọgbọ̀n, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Kò jí. Ó gbé e lọ sí iná yàrá kejì. Kò jí. Ó ní bóyá òtútù ni, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù bí ọmọ àgùntàn tuntun. A fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ gbá ihò rẹ̀, eruku tó jáde níbẹ̀ tó láti gbin àlùbọ́sà. Ó fi ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà ẹran sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dijú, ó ní ọkàn rẹ̀ ń lù, èémí ń lọ ń bọ̀, ó kàn dà bí ẹni tí kò rántí ẹni tí òun jẹ́. Ó tilẹ̀ ní kí a gbé eku rẹ̀ tí a fi ń darí rẹ̀ jìnnà sí ológbò, bóyá ìyẹn ló ń dà á láàmú. A gbé e jìnnà. Kò jí síbẹ̀.

Ó ní ó ku ti kọ́kọ́rọ́. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé kan ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo fi ti ilé ewúrẹ́ kàn án. Genko fi tirẹ̀ kàn án. Ó wá ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, ó tóbi ju gbogbo wọn lọ. Mo gbé e sókè, mo sì dá a padà sí àpò. Genko ní kí ló dé. Mo ní mi ò tíì ṣetán. Ó wò mí, ó palẹ̀ àpò rẹ̀ mọ́, ó lọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń bẹ̀rù. Nedka ní, "Bàbá Velko, ẹ gbé e sọnù, ẹ jẹ́ kí Ralitsa ra tuntun fún yín, ẹ̀yin náà ti rù ju bó ṣe yẹ lọ." Mi ò mọ èwo ló dùn mí jù nínú méjèèjì. Kì í ṣe nǹkan tí mo lè gbé sọnù. Fídíò ibi tí ìyá rẹ ti ń pe adìẹ lẹ́bàá kànga wà nínú rẹ̀, èyí tí Plamen yà. Bí ẹ̀rọ náà bá kú, ohùn yẹn kò sí níbòmíràn mọ́. Mo wá ń rò ó pé àìsàn mi ló ràn án, pé bí èmi bá ń lọ, mo fẹ́ mú ìyá rẹ lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Àná, Genko tún wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé àpò. Ó jókòó sórí àga ìyá rẹ, ó fi fìlà lé orúnkún. Ó ní bí wọ́n bá pe òun sídìí màlúù tí kò dìde, tí ojú rẹ̀ là, tí ara rẹ̀ kò gbóná, ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun máa ń kọ́kọ́ bi olówó rẹ̀, torí àìmọye màlúù ni òun ti yọ ìṣó àti wáyà nínú ikùn wọn. Ó ní ó yẹ kí òun ti bi mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Velko, kí ni ẹran yìí gbé mì kẹ́yìn?"

Mo ní kò gbé nǹkan kan mì. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ó ní ọjọ́ tí mo lọ ra ìṣó, mi ò mú ìṣó kankan bọ̀, pé láti ọjọ́ náà ni òun ti ń dúró kí n sọ̀rọ̀, orí mi ló kàn le ju ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ. Mo gbójú sókè, mo ní:

"Ẹ̀dọ̀fóró mi ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, áńkáṣíìfù, ẹnu kànga, ìwé ẹ̀yìn Nikóláásì Mímọ́. Nígbà tí mo parí, ó dìde, ó tẹ bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó yọ ahọ́n, àwo náà sì wà lórí rẹ̀, ó ń dán, kò sí ohun tó ṣe é. Genko fi ìka méjì mú un, ó gbé e sórí aṣọ funfun. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ náà kò kúrò síbẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun náà ti padà ka ìwé atúmọ̀ èdè yẹn nílé, pé ìtumọ̀ márùn-ún ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun pè ní kọ́kọ́rọ́ yẹn ní, òun kò kà ju àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta ni bọ́tìnnì tí a ń fi ìka tẹ̀, irú èyí tó wà lára dùùrù àkọ́díọ̀nù. Ó ní kí n tẹ ọ̀kan. Mo ní kí òun tẹ̀ ẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà mi ni, ẹ̀dọ̀fóró mi sì ni.

Mo dijú, mo tẹ̀ ẹ́. Fún ìgbà díẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni krr, krr yẹn dáwọ́ dúró, ojú rẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀, orin rẹ̀ dún, ìyá rẹ sì yọ lẹ́bàá kànga pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́. Mi ò lè sọ bí mo ti ṣe fún ọ. Genko ní ohun tó wà lọ́fun rẹ̀ nìkan ni, pé ẹ̀rọ tó ń jí lówùúrọ̀ kò yẹ kó bá ẹrù àjèjì lẹ́nu, inú ẹrù náà ló ti ń wá ara rẹ̀ kiri tí kò rí i.

Nígbà tó ti jí dáadáa, Genko ní kí a wá fi àwo náà sí i padà, kí a jọ wò ó. Mo ní rárá. Ó dúró. Mo ní ó dáa. Àwòrán náà jáde, Ralitsa, ó dà bí àpò dúdú méjì tí a so kọ́ inú èéfín, àti lára èyí tó wà lápá ọ̀tún, nǹkan funfun kan tí kò tó hóró ẹ̀wà. Gbogbo ẹ̀rù yẹn, nǹkan tí kò tó hóró ẹ̀wà. Mo bi Genko pé kí ni. Ó sún mọ́ àwòrán náà, ó ní:

"Ti àgùntàn ni mo mọ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Àmọ́ ohun kan dá mi lójú. Èyí tí wọ́n bá tètè mú wá fún mi ni mo máa ń rí nǹkan ṣe sí. Èyí tí olówó rẹ̀ bá fi pamọ́ sẹ́yìn ilé torí ẹ̀rù, òkú rẹ̀ ni mo máa ń bá."

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìwọ lò ń pè. Mo rí orúkọ rẹ. Genko ní kí n gbé e, ó sì jáde kí n lè gbé e, ṣùgbọ́n mo jókòó síwájú rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Má bínú sí mi. Mo mọ ara mi: bí mo bá ti rí ojú rẹ, ẹnu mi á ti ní mo wà dáadáa kí n tó rí i dá dúró. Bébà yìí nìkan ni kò ní ojú tí mo lè wò parọ́. Mo ti bẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ ọ̀la kó fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Èmi náà á wọ bọ́ọ̀sì ní Ọjọ́bọ̀. Genko á máa wo ewúrẹ́, mo ti ra okùn tuntun. Owó ni mo máa ń tọrọ ní ìsàlẹ̀ ìwé mi, o sì máa ń fi ránṣẹ́, Ọlọ́run á bù kún un. Lọ́tẹ̀ yìí má fi owó ránṣẹ́. Ọjọ́ kan ni kí o tọrọ fún mi lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Wá dúró síbi tí bọ́ọ̀sì ń gúnlẹ̀ sí, kí o sì dúró síwájú, torí ibẹ̀ máa ń kún, mi ò sì fẹ́ wá ojú rẹ títí. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. N kò kọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí láyé mi, mo sì ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá kí n pa á rẹ́.

Tí a bá wọlé sọ́dọ̀ dókítà, jókòó sápá òsì mi. Etí òsì ti ń kú, ti ọ̀tún ló ṣì ń gbọ́, mo fẹ́ kó kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí n lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ fúnra mi. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni wàá tún un sọ fún mi.

Ọlọ́run tó fi ọ́ fún mi kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, kò sì ní yára gbà mí lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Velko.